Àwọn Ẹja Tó Lọ Sókun

Iṣẹ́ ṣíṣà ọmọ ẹja ni mò ń ṣe ní Ìgàndó. Ó ti di ọdún mẹ́rìndínlógún tí mo ti wà lẹ́nu rẹ̀, nínú ọgbà ẹja kan náà. Ẹja àrọ̀ la ń sìn níbẹ̀. Bí àwọn ọmọ rẹ̀ bá ti tó nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, a ó máa kó wọn sínú abọ́ fífẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, a ó máa fi ojú àti ìka yà wọ́n: ńlá lọ́tọ̀, àárín lọ́tọ̀, kékeré lọ́tọ̀. Ìyá kan náà ló yé ẹyin wọn, omi kan náà ni wọ́n wà, oúnjẹ kan náà la sì ń fọ́n fún wọn, síbẹ̀ àwọn kan yóò tóbi ju àwọn yòókù lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Ṣúútà la ń pè wọ́n. Bí a kò bá tètè yọ ṣúútà kúrò, yóò máa gbé àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ mì lọ́kọ̀ọ̀kan. Nítorí náà, nígbà tí ọmọ mi kọ̀wé sí mi nípa ẹja, mo rò pé kò sí ohun tó fẹ́ sọ tí kò ní yé mi.

Ọmọ méjì ni mo bí, obìnrin ni àwọn méjèèjì, láàárín wákàtí kan náà. Èyí tó kọ́kọ́ jáde tóbi, ó sì ké tòò. Èyí tó tẹ̀ lé e kéré, kò tètè ké, wọ́n sì ní láti gbá a látẹ́lẹsẹ̀. Omi ọmú mi kò tó fún ẹni méjì. Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú wa wò wọ́n, ó ní, “Ìyá Ìbejì, èyí tó lágbára lè dúró ná. Èyí tí kò lágbára ni kẹ́ ẹ máa fún lọ́mú.” Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́rin. Èyí kékeré á wà lọ́mú, èmi á máa fi ṣíbí bu ògì sẹ́nu èyí ńlá lórí itan mi kejì. Bó ṣe ń mu ògì náà ni yóò máa wo ọmú. Kò sọkún sí i, ó kàn ń wò ó ni. Nígbà tó yá, mo máa ń yí ojú rẹ̀ sí ògiri kó má baà máa wò ó mọ́.

N kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, àní n kò sọ ọ́ fún bàbá wọn. Kì í ṣe ohun tí ìyá ìbejì ń sọ. Ohun tí a bá ṣe fún ọ̀kan la gbọ́dọ̀ ṣe fún èkejì, bàtà méjì, fìlà méjì, ìṣasùn méjì bó bá gba bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹran, mo ń gé e dọ́gba, mo ń gbé ègé méjèèjì sínú àtẹ́lẹwọ́ mi láti mọ̀ bóyá ọ̀kan wúwo jù. Wọ́n máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀. Wọn kò mọ ohun tí mò ń wọ̀n.

Èyí ńlá ló máa ń tẹ̀ lé mi lọ sí ọgbà ẹja ní Sátidé nígbà tó wà ní ọmọdé. Nígbà tó dàgbà, ó lọ kọ́ nípa ẹja ní yunifásítì, ní ọdún méjì sẹ́yìn ó sì lọ kọ́ sí i ní Skọ́tílándì. Oṣù mẹ́fà kó tó lọ ni mo ti rí i pé ó ń lọ. Ó ń mu tíì láìfi ṣúgà sí i. Ní ìgbà ọyẹ́, ó ń fi omi tútù wẹ̀ ní ìdájí, ó ní òun ń kọ́ ara òun ni. Mo máa ń gbọ́ bó ṣe ń mí hẹ̀ẹ̀ hẹ̀ẹ̀ ní balùwẹ̀, mo sì máa ń ṣe bí ẹni tó ṣì ń sùn. Èyí kékeré kò lọ síbì kankan. Ó ń ránṣọ ní Ẹ̀gbẹ́dá, ọ̀dọ̀ mi ní Ìkòtún ló sì ń sùn.

Gbogbo èèyàn ní àdúgbò wa ló mọ ìdí tí ọmọ fi ń lọ. Iṣẹ́ ni, iná ni, ìlú ni. Èmi kò bá wọn jiyàn. Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ mọ̀, n kò sì mọ ẹni tí mo lè bi: ṣé èmi ni mo lé ọmọ mi lọ, láti orí itan mi, ní oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́?

Ní Sátidé kan, mo wà nídìí abọ́, fóònù mi wà nínú ọ̀rá nítorí omi. Ó dún. Mo nu ọwọ́, mo wọ awò ojú mi. Lẹ́tà ọmọ mi nìyí, bó ṣe kọ ọ́ gan-an:

“Momi e kaaro o. Eja kan wa nibi ti won n pe ni traotu, oun la n sise le lori. Iya kan naa lo n bi won. Awon kan a duro sibi ti won bi won si, awon kan a lo sokun. Oga mi ni ounje wa nidii e. Eyi to ba yo ni kekere ki i saaba lo sokun. Eyi ti ebi n pa lo n lo sokun. Mo ranti emi ati egbon mi. Emi naa lo sokun lanaa, mo pe nibe gan-an. Ma a pe yin.”

Olùkọ́ èdè Yorùbá ni bàbá wọn, ọmọ Èkìtì. Nígbà ayé rẹ̀, bí wọ́n bá kọ lẹ́tà sí i láti ilé ìwé, bírò pupa ló máa fi fi àmì sí i kó tó dá èsì padà. Láti ìgbà tó ti kú, kò sẹ́ni tó ń fi àmì sí nǹkan kan nínú ilé wa mọ́. Ẹni tó bá ń kà á ló máa bá ara rẹ̀ wá àmì rẹ̀.

Bí èmi ṣe kà á nìyí: àwọn kan á dúró síbi tí wọ́n bí wọn sí, àwọn kan á lọ sọkún. Èyí tó bá yó ní kékeré kì í sábà lọ sọkún. Èyí tí ebi ń pa ló ń lọ sọkún. Èmi náà lọ sọkún lánàá, mo pẹ́ níbẹ̀ gan-an.

Kò yà mí lẹ́nu pé ẹja ń sọkún. Bí a bá di lẹbẹ ẹja àrọ̀ mú tí a gbé e sókè, yóò dún bí ilẹ̀kùn tó ń wá epo. Mo rò pé ti ọ̀dọ̀ wọn náà ń dún bẹ́ẹ̀ ni, pé àwọn tí ebi ń pa nínú wọn máa ń lọ sí kọ̀rọ̀ kan lọ dún. Mo dá fóònù padà sínú ọ̀rá. Mo ń ṣà lọ. Ojú mi wà lórí ẹja, ṣùgbọ́n orí itan mi ni mò ń wò.

Obìnrin tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tó máa ń ti Àgbàdo wá, ló kígbe.

“Ìyá Ìbejì! Ẹ wo ibi tí ẹ ń da ṣúútà sí o! Ẹ ti mú kìnnìún wọ jẹ́lé-ó-sinmi!”

Òótọ́ ni. Mo ti kó ṣúútà mọ́kànlá sínú abọ́ àwọn kékeré.

“Kí ló dé? Ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣì í ṣà. Àbí ọkọ ti yọjú ni?”

“Ọmọ mi tó wà lókè òkun ló ń sọkún,” ni mo wí.

Ó dá ọwọ́ dúró. “Òtútù ni jàre. Òtútù a máa fa omi lójú èèyàn. Ẹ lọ pè é. Ẹ fi èyí sílẹ̀, màá tún un ṣà.”

N kò fi í sílẹ̀ fún un. Mo yọ ṣúútà mọ́kànlá náà tán, wọ́n ti gbé ọmọ kékeré méjì mì. Lẹ́yìn náà ni mo tọrọ àyè lọ́wọ́ ọ̀gá, mo sì lọ sí Ẹ̀gbẹ́dá, nítorí n kò fẹ́ dá nìkan wà nígbà tí mo bá pè é.

Èyí kékeré wà nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, ó ń fi ìlà sí etí ṣòkòtò kan. N kò fún un ní lẹ́tà náà kà. Ọ̀rọ̀ nípa ẹni tó yó wà níbẹ̀, n kò sì fẹ́ kó rí i. Mo kàn ní kó bá mi pe àbúrò rẹ̀, kó jẹ́ kí ohùn rẹ̀ jáde síta kí n lè gbọ́ dáadáa.

“Ará ìlú yìnyín!” ló fi kí i. “Ṣé ẹ ti jí?”

“Ẹ̀gbọ́n mi, télọ̀ tí kì í mú àdéhùn ṣẹ! Aṣọ mi ńkọ́?”

“Ó wà lórí ẹ̀rọ.”

“Ó ti wà lórí ẹ̀rọ láti Kérésìmesì! Ṣé ẹ̀rọ ti gbé e níyàwó ni?”

“Ẹ dákẹ́ ná,” ni mo wí. Wọ́n dákẹ́.

“Mọ́mì, ẹ ti ka ohun tí mo kọ? Ṣé ó yé yín?”

“Ó yé mi.” Mo ti ṣètò pé màá kọ́kọ́ bi í nípa ara rẹ̀, lẹ́yìn náà nípa iṣẹ́, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò tẹ̀ lé ètò. “Ọmọ mi, má bínú sí mi. Ọmú tí n kò fún ẹ ni. Mo mọ̀ ọ́n. Kò sí ọjọ́ kan tí mo gbàgbé rẹ̀.”

Ẹ̀rọ ìránṣọ dúró.

“Ọmú wo, Mọ́mì?”

Mo sọ ọ́ fún wọn. Mo sọ ti nọ́ọ̀sì, mo sọ ti oṣù mẹ́rin, mo sọ ti ògì àti ṣíbí, mo sọ bí mo ṣe yí ojú rẹ̀ sí ògiri. N kò fi nǹkan kan pamọ́, n kò sì fi nǹkan kan kún un. Nígbà tí mo sọ ọ́ tán, mo ní, “Ìwọ náà ti rí i nínú ìwé. O kọ ọ́ pé èyí tí ebi ń pa ní kékeré ló ń lọ sọkún. O ní ìwọ náà lọ sọkún lánàá, o pẹ́ níbẹ̀.”

Mo rò pé nẹ́tíwọ́kì ti já.

“Mọ́mì,” ó wí nígbà tó yá. “Òkun ni.”

“Kí ni òkun?”

“Òkun ni mo kọ! Lọ só-kun. Omi!”

“Omi wo?”

“Omi iyọ̀, Mọ́mì! Àwọn ẹja yẹn, inú odò ni wọ́n ti ń bí wọn. Àwọn kan máa ń lọ sí òkun. Èmi àti àwọn tá a jọ ń ṣiṣẹ́ lọ sí òkun lánàá, a lọ wo ibi tí odò ti ń wọ inú rẹ̀.”

Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ti gbé orí lé ẹ̀rọ, ejìká rẹ̀ ń mì. “Bírò pupa!” ló ń wí. “Ha, Dádì ì bá fi bírò pupa kun ojú ẹ!”

Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo mú fóònù tèmi jáde nínú ọ̀rá, mo tún lẹ́tà náà kà. Ó rí bó ṣe wí. Ó sì rí bí mo ṣe kà á. Ọ̀rọ̀ tí mo ti pa mọ́ fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ti jáde lẹ́nu mi nítorí àmì orí ọ̀rọ̀ kan.

“Ẹ dúró ná,” ni ẹ̀gbọ́n wí, ó ń nu ojú. “Gbogbo ọmú yẹn, èmi nìkan ni mo mu ún?”

“Ìwọ nìkan.”

“Fún oṣù mẹ́rin?”

“Oṣù mẹ́rin.”

“Olè!” ni ohùn ti inú fóònù wí. “Olè ọmú! Ìdí tí orí ẹ fi tóbi nìyẹn!”

“Ẹ̀gbọ́n ẹ ni mí o, fi ọ̀wọ̀ mi wọ̀ mí. Ta ló rán ẹ wá sáyé?”

Àwa gbà pé èyí tó kọ́kọ́ jáde nínú ìbejì ni àbúrò. Ẹ̀gbọ́n ló rán an pé kó lọ tọ́ ayé wò, kó wá jíṣẹ́ bóyá ó dára, kí òun náà tó tẹ̀ lé e. Láti kékeré ni èyí tó gbẹ̀yìn jáde ti ń fi ọ̀rọ̀ yìí rán èkejì lọ pọn omi.

“Mo rán ẹ níṣẹ́,” ó wí, “o jẹ́ ẹ títí o fi dé ilé yìnyín. Kí n má mu nǹkan dè ẹ́?”

Wọ́n ń rẹ́rìn-ín lọ báyìí. Inú mi dùn láti gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kò dáhùn ohun tó wà lọ́kàn mi. Mo dúró títí ẹ̀rín fi rọlẹ̀.

“Apá kejì ńkọ́?” ni mo bi í. “Ti ebi. Ìyẹn kò ní ọ̀nà méjì tí a lè gbà kà á.”

Àbúrò mọ̀ pé n kò ṣeré. Ó tún ohùn rẹ̀ ṣe.

“Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bó ṣe rí. Ẹja méjì lè wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn nínú odò kan náà. Ara ọ̀kan kì í béèrè púpọ̀. Ohun tí odò bá gbé wá tó o, ó yó, ibẹ̀ ló máa gbé títí ayé ẹ̀. Ara èkejì ń béèrè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Oúnjẹ kan náà ni wọ́n ń jẹ, ṣùgbọ́n ebi ṣì ń pa á. Kì í ṣe pé ẹnì kan fi ebi pa á. Nígbà tó bá yá, ara ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà kó tó kúrò níbẹ̀ rárá. Gbogbo àmì pupa àti dúdú ara ẹ̀ á lọ, á máa dán bíi fàdákà. Ó ń múra fún omi iyọ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn náà, á jẹ́ kí omi gbé òun lọ síbi tí oúnjẹ pọ̀ sí.”

Balùwẹ̀ ìdájí ni mo rí nígbà tó ń sọ ọ́.

“Abo nínú wọn ló sì ń lọ jù,” ó fi kún un. “Ẹyin tí wọ́n máa yé pọ̀, ara wọn fẹ́ oúnjẹ sí i.”

“Nítorí ọmú náà kọ́ lo ṣe lọ nígbà náà?”

Ká ní ó sọ lójú ẹsẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, n kò ní gbà á gbọ́. Ó ronú sí i.

“Mi ò mọ̀, Mọ́mì. Mi ò rántí ògiri kankan. Mo rántí ẹran tí ẹ máa ń wọ̀n lọ́wọ́. Ọ̀gá mi ní bí a bá ka ẹgbẹ̀rún ẹja, a lè fojú díwọ̀n iye tó máa lọ. Ṣùgbọ́n bí a bá mú ẹyọ kan ṣoṣo lọ́wọ́, a ò lè sọ ìdí tí èyí fi lọ. Ẹja náà gan-an ò lè sọ ọ́. Mo kàn mọ̀ pé nígbà tí mò ń lọ, mi ò sá fún yín.”

Mo gba ìyẹn. Ó pé.

Èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń fi ìka ṣa òwú kúrò lójú ẹ̀rọ. “Àwọn tó dúró ńkọ́?” ó béèrè, bí ẹni pé kò kàn án. “Ṣé nǹkan ṣe wọ́n ni?”

“Kò sí ohun tó ṣe wọ́n. Odò wọn tó wọn ni. Wọ́n máa ń kéré díẹ̀, àmọ́ wọ́n mọ gbogbo òkúta ibẹ̀. Bí àwọn tó lọ bá padà wá yé ẹyin, àwọn ni wọ́n ń bá nílé.”

“Wọ́n máa ń padà?” Èmi ni mo béèrè ìyẹn.

“Àwọn tí òkun ò bá pa, púpọ̀ nínú wọn máa ń padà. Sí odò tí wọ́n ti bí wọn. Òórùn omi ẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n.”

N kò bi í nípa ara rẹ̀. Ẹja la ń sọ.

“Lókun tí o lọ lánàá,” ni mo wí, “ṣé o sọkún níbẹ̀?”

“Kékeré, Mọ́mì. Atẹ́gùn ibẹ̀ le.”

“Atẹ́gùn, àbí?” ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́.

“Kí lo ti jẹ láti àárọ̀?” ni mo bi í.

“Mi ò tíì jẹun. Ẹ̀wà wà lórí iná, ó ti jinná, mo kàn rò pé kí n sọ̀rọ̀ tán.”

“Lọ bù ú. Má pa fóònù. Gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo kí n máa gbọ́.”

“Mọ́mì, kí lẹ fẹ́ gbọ́ nínú ẹ̀wà?”

“Bù ú.”

A gbọ́ tó ṣí ìkòkò. Ìgbà yẹn gan-an ni ọkùnrin tó ń lọ ata ní ṣọ́ọ̀bù kejì tan ẹ̀rọ rẹ̀, ariwo bo gbogbo ibẹ̀. Èyí kékeré dìde, ó yọ orí síta.

“Bọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa pa á díẹ̀. Àbúrò mi ń jẹun.”

“Àbúrò ẹ wo? Èyí tó wà lókè òkun?”

“Òun ni.”

Ọkùnrin náà wò ó, ó wo èmi tí mo gbé etí sí orí tábìlì aṣọ. Obìnrin tó gbé ata wá fẹ́ sọ̀rọ̀, ọkùnrin náà fi ọwọ́ dá a dúró. Ó pa ẹ̀rọ.

Ṣíbí bẹ̀rẹ̀ sí í kan àwo. Kò yára jẹun, kò sì lọ́ra. Èyí kékeré padà wá jókòó, kò tẹ ẹ̀rọ rẹ̀, ó gbé ṣòkòtò oníbàárà sórí itan, ó ń gbọ́. Nígbà tí mo gbọ́ tí ṣíbí ń ha ìdí àwo, mo ní, “Bù sí i.”

Ó bù sí i.